Àwọn Méjìlá Orí Ẹní

Ẹ má bínú sí mi, bó ṣe rí lára mi ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ó ti rẹ̀ mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní Ọ̀fà níbí, ó ku mẹ́rin kí n fẹ̀yìn tì, oríṣiríṣi ètò ìjọba ni ojú mi sì ti rí. Wọ́n ní ká máa fi gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní Yorùbá ló dáa. Wọ́n ní ká má na ọmọ mọ́. A gbọ́ gbogbo ẹ̀, a ní "ẹ ṣé, sà", a padà sídìí bọ́ọ̀dù wa. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

Èyí tó dé lọ́dún tó kọjá ni ti fífi eré kọ́ ọmọ. Wọ́n kó àwa tíṣà lọ sí Ilemona fún ọjọ́ mẹ́ta, nínú gbọ̀ngàn kan tí fáànù rẹ̀ ń yí bí ẹni tí ebi ń pa, wọ́n wá ní kí àwa àgbààgbà máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Èmi tí orúnkún ń dùn! Ọmọbìnrin tó ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́ ò ju Fikáyọ̀ ọmọ mi lọ. Ó ń pàtẹ́wọ́ fún mi, ó ń pariwo, "Ẹ kú iṣẹ́, ma! Ẹ tún fò!" Mo tún fò. Wọ́n ti sọ fún wa pé ẹni tí kò bá fò kò ní gba ìwé ẹ̀rí.

Kí n má purọ́, ohun tí wọ́n ń sọ dára. Ta ló bí ọmọ tí kò mọ̀ pé inú eré lọmọ ti ń gbọ́n? Ohun tó ń bí mi nínú ni pé lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi jáde lọ sábẹ́ igi mángòrò, mo ń fi ìdérí ìgò kọ́ wọn níṣirò. Ọ̀gá tó wà níléèwé wa nígbà náà fún mi ní kúẹ́rì. Ó ní mo ń fi àkókò ìjọba ṣeré. Kúẹ́rì yẹn ṣì wà nínú fáìlì mi dòní, kò sì sẹ́ni tó wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.

Oṣù kan lẹ́yìn tí a ti Ilemona dé, ọkọ̀ ìjọba kan já àpótí ńlá méjì sílẹ̀ níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá. Búlọ́ọ̀kù onígi tí wọ́n kọ lẹ́tà sí lára wà nínú rẹ̀, àwọn ẹranko onírọ́bà wà níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ aláràbarà tí wọ́n fi ń ka nǹkan wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹní ńlá kan tó mọ́ rekete. Àwọn ọmọ mi mẹ́tàléláàádọ́rin dà sójú fèrèsé. Wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń pariwo, "Tiwa ni! Tiwa ni!"

Tiwọn kọ́ o. Alhaji Abdulganiyu, ọ̀gá ilé ìwé wa tuntun, kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ́fíìsì, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Èèyàn burúkú kọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ní, "Mummy Fikáyọ̀, ọmọ mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n máa fọwọ́ kàn án o! Bí inspẹ́tọ̀ bá dé tí wọ́n bá ní ẹranko kan ti sọnù, orúkọ ta ni wọ́n máa kọ? Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ kó má bàjẹ́."

Mi ò lè bú u. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń ṣe. Àwo aláràbarà tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó mi ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù nílé, èmi àti ọkọ mi ń fi abọ́ tó ti fọ́ létí jẹun, à ń retí àlejò. Báyìí la ṣe ń tọ́jú nǹkan tó dára títí tí ẹni tó ni ín á fi dàgbà jù ú lọ.

Nígbà tí wọ́n ti àpótí mọ́lé tán, èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí mo lè fi kọ́ àwọn ọmọ mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí Safiyat.

Ọmọ ọdún méje ni Safiyat. Láti ọdún kan àbọ̀ tó ti dé ilé ìwé wa, kò bá tíṣà kankan sọ̀rọ̀ rí. Bí mo bá pe orúkọ rẹ̀, á na ọwọ́ sókè. Bí mo bá bi í ní ìbéèrè, á máa wo ilẹ̀ títí n óò fi kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kì í ṣe odi o. Ìyá rẹ̀ àgbà tó ń tọ́ ọ sọ fún mi pé nílé, bí ẹyẹ ẹ̀gà ló ń rojọ́, pé ìgbà mìíràn wà tí òun á ní kó gbẹ́nu dákẹ́ kí òun lè ráyè kírun. Bó bá ti dé ilé ìwé ni ẹnu rẹ̀ á pa dé.

Ìyá àgbà yìí, gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Alhaja Asiata, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìlọrin ni ibi tó jìnnà jù tó dé láyé rẹ̀. Ó ń ta abọ́ ike lẹ́bàá ojú irin. Òun fúnra rẹ̀ ò rí ilé ìwé lọ, nítorí náà, ọ̀rọ̀ ilé ìwé ò kéré lójú rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí ló wá dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní ìjọba ti ní kẹ́ ẹ máa bá àwọn ọmọ ṣeré. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní, "Òótọ́ ni, Alhaja, ṣùgbọ́n eré tó ní ẹ̀kọ́ nínú ni."

Ó mi orí. "Bó bá jẹ́ eré ni, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa kọ́ ọ. Àbúrò mi ní Ojoku ń ṣe gàrí, ó ń wá ẹni tí yóò máa bá a bẹ ẹ̀gẹ́. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀, tí kò kàwé, tó wá lọ ń ṣeré! Mo fún yín di ìparí oṣù yìí. Bí mi ò bá fojú ara mi rí ohun tó mọ̀, ó ń lọ sí Ojoku."

Ẹ má wò ó pé Ojoku ò jìnnà. Ọmọ mẹ́ta ti lọ bẹ ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú mi, wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìkankan nínú wọn ò padà wá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà, ní àkókò ìsinmi, mo jókòó sábẹ́ igi mángòrò, mò ń nu òógùn. Àwọn ọmọbìnrin ń ṣe ṣúwé níwájú mi. Ẹ mọ̀ ọ́n: wọ́n á fa ilà sílẹ̀, wọ́n á ju àpáàdì, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ kan fò láti ojúlé dé ojúlé. Ẹni tó bá fò yípo láìtẹ ilà á kẹ̀yìn sí i, á ju àpáàdì, ibi tó bá balẹ̀ sí di ilé rẹ̀, àwọn yòókù ò sì gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Safiyat ti kọ́lé mẹ́rin! Àwọn tó ń pariwo nínú kíláàsì ń ṣubú gbì, òun ń fò fẹ́ẹ́. Mo wá gbọ́ ohùn kékeré kan. Ẹnu rẹ̀ ni. Ó ń kà á lábẹ́lẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.

Mi ò sọ nǹkan kan, kí n má bàa lé ohùn náà sá. Lọ́jọ́ kejì, mo mú ṣọ́ọ̀kì jáde, mo fa ṣúwé gbọọrọ sórí simẹ́ńtì níwájú kíláàsì, mo kọ nọ́ńbà sínú ojúlé kọ̀ọ̀kan títí dé ogún. Mo pè é. Mo ní, "Safiyat, dúró sórí mẹ́ta. Mélòó ló kù kó o dé mẹ́jọ?"

Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó fò lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó dúró gbọin-gbọin.

Orí mi wú. Mo ní kó ti mẹ́rìnlá padà sí mẹ́sàn-án. Ó fò ó. Mo ní kó máa fo méjì-méjì dé ogún. Ó fò ó, kò tẹ ilà kan. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń ṣe é, nígbà tó sì di òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ìṣirò tí Safiyat ń fi ẹsẹ̀ ṣe, àwọn tó ń na ọwọ́ sókè pé "Èmi, anti! Èmi!" ò lè fi ẹnu ṣe é. Inú mi dùn, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ yìí ti múnú mi dùn kẹ́yìn.

Lẹ́tà wá dé pé inspẹ́tọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ láti wo bí a ṣe ń fi eré kọ́ ọmọ, pé kí a pe àwọn òbí. Ọjọ́ tí lẹ́tà dé ni mo gba ojú irin lọ. Mo bá Alhaja láàárín àwọn abọ́ rẹ̀. Mo ní, "Alhaja, ẹ wá lọ́jọ́bọ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ fojú ara yín rí i. Ẹ wá rí i."

Ó gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé Safiyat máa ṣe nǹkan níwájú èèyàn?"

"Ó máa ṣe é."

"Bí mo bá rí i, ọ̀rọ̀ Ojoku ti parí nìyẹn, ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi mọ́. Bí mi ò bá rí i, mò ń mú un lọ ní Sátidé."

Mo ní a ti gbà bẹ́ẹ̀. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Alhaji ṣí àpótí. Ó tẹ́ ẹní náà. Ọmọ méjìlá péré ló gbà. Ó yan àwọn tí yúnífọ́ọ̀mù wọn mọ́, tí ẹnu wọn sì mú, ó wá pín iṣẹ́ fún wọn. "Ìwọ, wàá to búlọ́ọ̀kù. Ìwọ, wàá gbá a wó. Ẹ̀yin tó kù, bó bá ti wó, ẹ rẹ́rìn-ín." Pankẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ to búlọ́ọ̀kù, ó wó, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó na pankẹ́rẹ́ mọ́ tábìlì gbàà! "Mo ní kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣeré nìyẹn?" Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń sunkún nínú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ó wá yá, mi ò mọ̀ mọ́ bóyá ẹ̀rín ni mò ń rín.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi Safiyat sí i. Ó gbà. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Safiyat gbé ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta sókè, kó sọ pé, "Mo ní ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta." Ọmọ gbé ìlẹ̀kẹ̀ sókè, kò sọ̀rọ̀. Alhaji ní kó tún un ṣe. Kò sọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, Alhaji kọjú sí mi.

"Mummy Fikáyọ̀, ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Èyí ò ní ẹnu rárá! Eré gan-an, kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ gbé e kúrò kó má ba iṣẹ́ wa jẹ́."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká fa ṣúwé fún un níta, Alhaji. Ẹ ò tíì rí ohun tí ọmọ yìí lè ṣe. Kí inspẹ́tọ̀ rí i."

"Ṣúwé kẹ̀? Ṣé ó wà nínú àpótí ni? Ṣé ó wà nínú ìwé ìlànà?" Ó ṣí ìwé náà síwájú mi. Òótọ́ ni, kò sí ṣúwé níbẹ̀. "Wọ́n á ní a ò lo ohun tí wọ́n gbé wá. Ẹ fẹ́ gba kúẹ́rì mìíràn ni?"

Ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀. Ó yẹ kí n jà. Ó yẹ kí n jókòó sórí ẹní yẹn kí n ní mi ò dìde. Ṣùgbọ́n oòrùn ti mú, orúnkún ń ro mí, mo rántí kúẹ́rì, mo rántí pé ọdún mẹ́rin péré ló kù. Mo di ọwọ́ Safiyat mú, mo mú un kúrò lórí ẹní. Mo ní, "Má dààmú, wàá ṣe tìẹ lọ́jọ́ mìíràn." Ẹ wo ìyá àgbàlagbà tó ń purọ́ fọ́mọdé.

Mi ò sì lọ sọ fún Alhaja. Mo ní n óò lọ nírọ̀lẹ́, nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ara mi ò gbé e. Mo ní n óò lọ lọ́jọ́rú, òjò rọ̀. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ojú ló ń tì mí.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n kó àwọn ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta tó kù sínú kíláàsì Pírámárì Fáìfù, wọ́n ní kí wọ́n da orí dé tábìlì. Inspẹ́tọ̀ dé, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mádáàmù Bíọ́lá, fóònù ńlá lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń ya fídíò. Àwọn òbí jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Alhaja Asiata dé nínú híjáàbù tuntun, iwájú pátápátá ló jókòó sí. Ó juwọ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò tíì rí eyín rẹ̀ rí kó tó dọjọ́ náà.

Àwọn méjìlá bẹ̀rẹ̀ sí í to búlọ́ọ̀kù. Alhaja ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wò wọ́n tán, ó tún padà wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó na ọrùn sí mi. "Tíṣà, tèmi dà?"

Mo ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù, a ó sọ̀rọ̀."

Alhaji Abdulganiyu gbọ́. Ó tẹ̀ba sétí Alhaja, tẹ̀rín-tọ̀yàyà. Ó rò pé àlàyé lòun ń ṣe. "Ẹ má bínú, Ìyá. Àwọn tó mọ eré ṣe la yàn."

Búlọ́ọ̀kù wó. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n rín in dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Alhaja dìde. Mo fẹ́ tẹ̀ lé e, àmọ́ Mádáàmù Bíọ́lá ti gbé fóònù dojú kọ mí. Ó ní, "Ma, ẹ máa pàtẹ́wọ́ fún wọn, ẹ má dúró. Ó ń wọlé dáadáa." Mo rí Alhaja láti ẹnu ọ̀nà bó ṣe ń wọ Pírámárì Fáìfù. Mo rí i bó ṣe jáde, Safiyat lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ò wo ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ igi mángòrò kọjá, wọ́n jáde ní géètì. Èmi ń pàtẹ́wọ́ lọ.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Alhaji ka àwọn ẹranko onírọ́bà padà sínú àpótí. Gbogbo rẹ̀ pé. Inú rẹ̀ dùn, ó ní Mádáàmù ti ṣèlérí ìwé ìyìn fún wa, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí n wá kọ́ àwọn tíṣà mìíràn. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí ilé ìwé ti jáde, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé Alhaja. Àpò ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ọmọdé kún inú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Alhaja fún mi ní àga, ó fún mi ní píọ̀ wọ́tà. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Ó ní, "Tíṣà, ká ní ìwé ni kò mọ̀, ǹ bá gbà fún Ọlọ́run. Èmi náà ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n eré? Láti àná ni mo ti ń bi ara mi léèrè. Irú ọmọ wo ni wọ́n ń yọ kúrò nínú eré?"

Mo kúnlẹ̀. Orúnkún dùn mí débi pé mo pariwo. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un: bó ṣe ń fò, bó ṣe ń ka nọ́ńbà, bó ṣe ti mẹ́ta dé mẹ́jọ, bí mo ṣe fọwọ́ ara mi yọ ọ́ kúrò lórí ẹní nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní, "Ọmọ yín mọ̀ ọ́n, Alhaja, ó mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ má fi ẹ̀bi tèmi jẹ ẹ́ níyà."

Alhaja sún mọ́ mi. Ó gbá mi léjìká mú. "Ẹ dìde, ẹ má ṣera yín léṣe. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, èmi ò ní pinnu fún un." Ó pe ẹ̀yìnkùlé. "Safiyat!"

Mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti jókòó, ó ń bá ọmọ ilé kejì jiyàn, ó ń rojọ́ bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe wí. Ó sáré wọlé, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Bó ṣe rí mi, ó dúró.

Alhaja ní, "Tíṣà rẹ ní kó o padà wá sílé ìwé. Bó o bá ní wàá lọ, màá tú ẹrù yìí báyìí-báyìí. Bó o bá ní o ò lọ, a ń lọ sí Ojoku lọ́la. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ gbọ́."

Mo na ọwọ́ sí i. Mo ní, "Safiyat, wá ní Mọ́ńdè. Ìwọ ni màá kọ́kọ́ pè. A ó jọ ṣeré."

Ó gbójú sókè, ó wò mí lójú.

"Mi ò mọ eré ṣe, ma."

Ohùn rẹ̀ já gaara. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ nìyẹn láti ọdún kan àbọ̀. Alhaja bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó so ẹnu àpò náà.